Sí Morẹ́nikẹ́, Nítorí Ìjà Amẹ́ríkà Tó Wọ Àárín Òun àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Sotega, Libreville, Gabon

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí, nítorí ó gùn, mi ò sì rò pé mo tún lè kọ irú rẹ̀ mọ́. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa tó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Houston ni mo fi í rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ nìkan ni kó fi í lé. Ara gbogbo wa le níbí. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́, ó ti ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti padà sí àṣà rẹ̀ àtijọ́, ó ń sùn nínú ìwàásù. Mo mọ̀ pé Faransé ló yá ọ lẹ́nu jù lọ, Gẹ̀ẹ́sì lo sì fi ń jẹun báyìí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi kọ èyí, mo sì nídìí. Kà á sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Ọjọ́ tí o pè mí pé ilé ìwòsàn yẹn ti gbà ọ́ síṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo jó nínú kíṣìnnì títí ọbẹ̀ fi jóná, bàbá rẹ sì jẹ ọbẹ̀ jíjóná náà láìráhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà, tí o kàwé nínú ooru yàrá kan ṣoṣo tí àwa mẹ́rin ń sùn, tí o kò jẹ́ kó sú ọ. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Táyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, tó wá pàdé rẹ ní pápákọ̀ òfurufú, tó kó tábìlì rẹ̀ kúrò nínú yàrá kí o lè ríbi sùn, tó wà ọ́ lọ ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ti Táyọ̀ síbẹ̀ ni. Má fò ó kọjá.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bíìrò nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Táyọ̀ pè mí, ohùn rẹ̀ kò dùn. Ó ní o ti kó ẹrù rẹ kúrò nílé òun, o ti lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ kan gbé. Nígbà tí mo pe ìwọ náà, o ní òótọ́ ni. O ní ẹ jà lórí òṣèlú Amẹ́ríkà, lórí ìwé tí wọ́n ń kó kúrò nílé ẹ̀kọ́, lórí àwọn tó yẹ kí wọ́n gbà wọ̀lú àti àwọn tí kò yẹ. O ní irọ́ ni gbogbo ohun tí Táyọ̀ ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n. Òun náà ní irọ́ ni gbogbo ohun tí o ń kà lórí fóònù. Ó pè ọ́ ní orúkọ kan, o pè é ní òmíràn, mo sì ní láti bi Rósálì aládùúgbò wa, tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí àwọn orúkọ náà túmọ̀ sí. Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí o fi parí rẹ̀. Ìyàwó Táyọ̀ máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀, o sì sọ fún mi pé ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ ibi ìkómọ náà. Mo ní kí o tún un sọ. O tún un sọ.

Mi ò ní dá ẹjọ́ yín. Mi ò gbé ní Amẹ́ríkà, mi ò mọ ẹni tó jàre, bí mo bá sì mọ̀, mi ò ní sọ. Àṣìṣe tèmi ni mo fẹ́ ròyìn, nítorí èmi náà ti bá ènìyàn jà rí lórí òṣèlú Amẹ́ríkà, láti Sotega níbí, láìtíì fojú kan Amẹ́ríkà. Ìwọ gan-an wà nínú ìjà náà. O kéré, bóyá o ò rántí. Táyọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ sí i, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé lọ́dún yẹn.

Ọdún tí wọ́n já sẹ́fà, owó tí a ń ná ní Gabon, wálẹ̀ ni. O jẹ́ ọmọ ọdún méje. Bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Port-Gentil, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Èmi jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹ̀rọ wọlé láti ìlú òyìnbó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, kí n sì máa yí ti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń gbéra ga lórí iṣẹ́ náà díẹ̀, kí n má purọ́.

Inú àgbàlá kan náà ni èmi àti Ìyá Rósálì ń gbé. Ìyá rẹ kejì ló jẹ́ lójú rẹ lónìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nígbà náà. Nàgó ni, láti apá Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, òun gan-an sì ni mẹ́trẹ́ẹ̀sì kíláàsì rẹ. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Yorùbá tirẹ̀ àti tèmi kò rí bákan náà, a sì máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yékéyéké, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà nínú àgbàlá. Láàárọ̀, bí a bá ń dúró kí garawa kún, èmi á ti gbọ́ ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò mi, òun á ti gbọ́ ti Faransé lórí tirẹ̀, a ó wá máa sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà bí ẹni pé àná la tibẹ̀ dé. Mo fẹ́ràn àríyànjiyàn, o mọ̀. Òun náà kò kẹ̀rẹ̀. Àwọn ará àgbàlá a máa bẹ̀ wá pé kí a gbé garawa wa kúrò lábẹ́ omi kí a tó máa ṣèjọba.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sọ pé àwọn tó ń ṣe líbérà ní Amẹ́ríkà ni ìṣòro gbogbo ayé, pé bí wọ́n bá ráyè, wọn á gba oúnjẹ lẹ́nu tálákà. Ó yà mí lẹ́nu. Nínú rédíò tèmi, àwọn líbérà yẹn gan-an ni wọ́n ní wọ́n fẹ́ kí ìjọba tọ́jú tálákà.

Mo ní, “Ìyá Rósálì, ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn líbérà ló ń ṣàánú irú wa.”

“Mais non, rárá o, Ìyá Táyọ̀. Àánú wo? Líbérà ló lé mi kúrò ní Benin.”

“Báwo ni Amẹ́ríkà ṣe lé yín kúrò ní Benin?”

“Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ ò mọ nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì lẹ kàn ń gbọ́.”

Ó yẹ kí n bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, kò ju ìyẹn lọ. Mi ò bi í, nítorí mo fẹ́ borí. A bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn sì ń gun èmi ní kẹ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, níwájú gbogbo àgbàlá, mo ní, “Olùkọ́ ọmọ kéékèèké ni ìwọ. Kí lo mọ̀ nípa Amẹ́ríkà?” Mo pe Ìyá Rósálì ní ìwọ, ẹni tí mo ti ń pè ní ẹ̀yin láti ọjọ́ tí mo ti kó dé àgbàlá náà. Garawa rẹ̀ kò tíì kún. Ó gbé e bẹ́ẹ̀, ó ní, “Akọ̀wé tó ń tẹ lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀, òun ló wá mọ Amẹ́ríkà,” ó sì wọlé lọ.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló burú ju èébú lọ. Mo pè ọ́ wọ yàrá, mo ní o ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí i mọ́ nínú àgbàlá, o ò sì gbọdọ̀ wọ ilé rẹ̀. O bi mí pé, “Màmá, ní kíláàsì ńkọ́?” Mo ní kíláàsì ni kíláàsì, ilé ni ilé. O ní, “Ó dáa, Màmá.” Èmi tí mo kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ láti ìgbà ọmú ni mo tún kọ́ ọ ní àìkíni, nítorí àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ pé a wà láyé.

A wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ni ọ̀rọ̀ owó wá dé. A sùn, a jí, wọ́n ní sẹ́fà tó wà lọ́wọ́ wa ti di ìdajì. Wàrà, ìyẹ̀fun, oògùn, gbogbo ohun tó bá ti òkè òkun wá gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ wa ń kó wọlé kò rí ẹni rà á mọ́, wọ́n sì dá ìdajì àwa òṣìṣẹ́ dúró. Mo wà nínú ìdajì náà. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Amẹ́ríkà níbi omi.

Ní ọjọ́ kan, mo jáde láàárọ̀ lọ wá iṣẹ́. Mo wọ ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, kò sí, mo sì padà sílé ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí mo ṣe wọ àgbàlá, mo rí Ìyá Rósálì ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìwọ wà lórí itan rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù níwájú orí. Oòrùn ti yí dé ibẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ dí i fún ọ. Ibà ló mú ọ ní kíláàsì. Ó fi àwọn ọmọ yòókù lé olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó pọ̀n ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí, wọ́n sì kọ oògùn fún un. Kò rí i rà ní Sotega. Kò rí i rà ní Akébé. Ó di àdúgbò Sibang kó tó rí i, ó sì pọ̀n ọ́ dé gbogbo ibẹ̀, nítorí kò mọ ẹni tó lè gbé ọ tì. Ó ti fún ọ ní èyí tí o máa kọ́kọ́ lò kí n tó dé.

Mo ní, “Ẹ̀yin jókòó sínú oòrùn? Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wọlé yín?”

Ó ní, “Mo fẹ́ gbé e wọlé. Ó di òpó mú, ó ń sunkún, ó ní Màmá òun ní kí òun má wọ ilé mi. Mẹ́trẹ́ẹ̀sì ni mí, Ìyá Táyọ̀. Mi ò lè kọ́ ọmọ yín pé kó má gbọ́ràn sí yín lẹ́nu.”

Àjọkẹ́ mi, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n ti bú mi rí, wọ́n ti lé mi níṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n kò tíì sí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́. Ó ní kí n dìde, kí n gba ọmọ mi, ẹsẹ̀ ń ro òun. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ti ọmọ, mo ti gbàgbé rẹ̀. Èyí tí ẹ sọ níbi omi ṣì ń dùn mí. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, a jọ máa lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìjọ.”

Ìyá Ìjọ ni olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà, àgbà obìnrin kan tó ń gbé ní Akébé. Ó ti pẹ́ ní Gabon ju gbogbo wa lọ, síbẹ̀ Faransé tó gbọ́ kò ju “bonjour” lọ, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó jẹ́ kí a ro ẹjọ́ wa tán. Ó wá ní, “Líbérà, líbérà. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá ń ṣe líbérà, kí ló ń ṣe gan-an?”

Ìyá Rósálì ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní ẹni tó ní kí ìjọba kó ọwọ́ kúrò ni, kí àwọn oníṣòwò ńlá máa ṣe bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n ta ilé iṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n dín olùkọ́ kù. Ó ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé wá sí Benin tí nǹkan fi dojú rú fún àwọn olùkọ́, tí òun fi di èrò Gabon, tí òun kò sì sí nílé nígbà tí ìyá òun ṣaláìsí. Mi ò gbọ́ ìyẹn rí. A ti jọ ń pọn omi fún ọdún mẹ́rin.

Ìyá Ìjọ yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ ńkọ́?” Ó ti ń yé mi bọ̀ kí n tó la ẹnu. Mo ní nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n ń pè ní líbérà ni ẹni tó ní kí ìjọba má ṣe kó ọwọ́ kúrò, kí olùkọ́ pọ̀ sí i, kí tálákà rí oògùn lò.

Ìyá Ìjọ wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ta wá lẹ ń bá jà?”

Ohun kan náà la fẹ́, ohun kan náà la kórìíra. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, Faransé ń lò ó fún ohun kan, Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ń lò ó fún òdìkejì rẹ̀. Gbogbo ayé lè má mọ̀, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń jẹun lórí yíyí Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, ó yẹ kí n mọ̀. Ìyá Rósálì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Akọ̀wé àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.” Títí di òní, bí mo bá fẹ́ ṣe bí ẹni tó gbọ́n jù, orúkọ tó ń pè mí nìyẹn.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ tìrẹ àti Táyọ̀ kì í ṣe àṣìgbọ́, pé ẹ gbọ́ ara yín dáadáa, èrò yín ni kò dọ́gba. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi àti Ìyá Rósálì ṣì ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tí a kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ọ̀sẹ̀ tó kọjá la jiyàn lórí ìbọn táwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé kiri, ó sì gbé fóònù pa mọ́ mi létí. Lọ́jọ́ kejì ó pè láti béèrè orúnkún bàbá rẹ. Nítorí náà mi ò ní kí o gba ti Táyọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí.

Èkínní, bí ó bá lo ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ju ara wọn lókò nínú tẹlifíṣọ̀n, ní kó fi Yorùbá sọ ọ́ fún ọ: ta ló ń ṣe kí ni, ta ló sì ń ṣe é fún? Kí ìwọ náà sọ tìrẹ bẹ́ẹ̀. Yorùbá rẹ á máa kọsẹ̀, mo mọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kì í ráyè bú ènìyàn.

Èkejì, bi í pé kí lojú rẹ̀ rí. Táyọ̀ ti wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án kí o tó dé. Èmi tí mo bí i, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ọdún méjì àkọ́kọ́, nítorí bí mo bá béèrè, á ní “A dúpẹ́, Màmá.” Ìdí kan wà tó fi ń gbọ́ àwọn tó ń gbọ́. Ìdí wà fún tìrẹ náà.

Àwọn tó ń pariwo nínú tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Bí o bá bínú, wọ́n ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó máa kó tábìlì rẹ̀ kúrò nínú yàrá nítorí rẹ.

Èyí tó kẹ́yìn, mi ò fún un ní nọ́ńbà. Má ṣe fi ọmọ sínú ìjà àgbà. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ bí yìí kò tíì dìbò fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ìwọ sínú tèmi, o sì fi ara gbígbóná jókòó sínú oòrùn nítorí pé o gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Mo bẹ Ìyá Rósálì lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ Ọlọ́run, mi ò bẹ ìwọ. Mo rò pé ọmọdé kì í rántí. Mo ń bẹ̀ ọ́ báyìí, Morẹ́nikẹ́. Má bínú sí mi.

Mo ti bá Táyọ̀ náà sọ̀rọ̀, kí o má rò pé ìwọ nìkan ni mo dojú kọ. Ó gbà pé orúkọ tí òun pè ọ́ kò dáa. Ó ní òun kò ní kọ́kọ́ pè ọ́. O rí i pé inú kan náà lẹ ti wá.

Ó ku ohun kan. Táyọ̀ ní kí èmi àti bàbá rẹ fi orúkọ tí a máa sọ ọmọ náà ránṣẹ́. A ti ronú sí i, a ti rí ọ̀kan tó bá ọkùnrin mu tó sì bá obìnrin mu. Wàá rí àpòòwé kékeré kan nínú ńlá yìí, mo ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Táyọ̀ ti pè kí n sọ orúkọ náà fún un lórí fóònù, mo sì kọ̀. Mo ní ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló wà. Ìwọ ni kí o mú un lọ síbi ìkómọ, ìwọ ni kí o dìde, kí o ṣí i, kí o pè é sí ọmọ náà létí. Èmi àti bàbá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n, a kò sì ní sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Bí o kò bá lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ yóò dàgbà láìmọ orúkọ tí a sọ ọ́.

Èmi ni,
ìyá ẹ̀yin méjèèjì.